Ọjọ́ Mẹ́ta Ni Ẹ̀gẹ́ Ní

Ọkọ̀ akẹ́rù náà ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó rọ̀gbọ̀kú. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ lápá òsì ti wọ ẹrẹ̀ dé ìdajì, lójú ọ̀nà oko kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ̀gẹ́ ló kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Ọmọ ọkọ̀ ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹrẹ̀, awakọ̀ ń pariwo lé e lórí, àwọn ọlọ́kadà ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, wọ́n ń kí wọn kú ewu.

Ẹni tó ni ẹrù kò wo táyà rárá. Àgbà ọkùnrin kan ni, fìlà orí rẹ̀ ti pọ́n bí erùpẹ̀. Ó fa ẹ̀gẹ́ kan yọ láàárín pákó ọkọ̀, ó ṣẹ́ ẹ lórí orúnkún, ó sì gbé ojú ibi tó ti ṣẹ́ sóòrùn.

"Àwọ̀ aró ni mò ń wá," ó wí fún mi. "Àná la hú pákí yìí. Bí aró bá ti yọ nínú rẹ̀, iye tí mo bá sọ kọ́ ni wọ́n máa san."

Aró kò tíì yọ. Inú ẹ̀gẹ́ náà funfun nini. Ó jù ú padà sínú ọkọ̀, ó wo oòrùn, ó tún wo táyà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Pákí ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹlòmíràn ń pè é ní gbágùúdá. Èmi tí mo dàgbà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ̀gẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n sí, ẹ̀gẹ́ náà ni n ó sì máa pè é. Bó bá wà nínú ilẹ̀, ó ní sùúrù ju gbogbo ohun tí àgbẹ̀ ń gbìn lọ. Oṣù 9 sí 12 ló fi ń gbó, ṣùgbọ́n bí ọjà kò bá dára, àgbẹ̀ lè fi í sílẹ̀ títí di oṣù 18, kó máa wo ojú ọjà. Ilẹ̀ ni àká rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá hú u, sùúrù náà tán. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, àwọn iṣan tín-ín-rín inú rẹ̀ á dúdú bí ẹni fi aró fà á nílà, lẹ́yìn ìyẹn á máa rùn, á sì rà.

Gbogbo owó tó wà nínú ẹ̀gẹ́, èyí tí àwọn kan ń jẹ àti èyí tí àwọn kan ń pàdánù, inú ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló wà. Àwọn tó ń polówó oko fún àwọn ará ìlú ńlá kì í sọ bẹ́ẹ̀. Éékà ni wọ́n ń tà.

Omi ni wọ́n ń rù

Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 tọ́ọ̀nù ni FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti ọ̀gbìn, ń kà mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dún. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọjà àgbáyé, níbi tí wọ́n ti ń ra sítáàṣì àti ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, Táílándì la máa bá níwájú, Ṣáínà sì ni oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù. Tiwa, ẹnu la fi ń jẹ ẹ́ tán: gàrí, fùfú, láfún, àti pupuru tí àwọn ará ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ kò lè fi ṣeré.

Héktà kan ní Táílándì máa ń mú tọ́ọ̀nù 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde. Tiwa kì í pé 10. Onímọ̀ ọ̀gbìn kan ní Ìbàdàn fi ìka ka ìdí rẹ̀ fún mi: igi àtijọ́ tí àrùn ti wọ̀, oko tí wọn kò tètè ro, ilẹ̀ tí kò rí ajílẹ̀. Kò sí awo kankan níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ náà mọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló wá dé, ó bi èmi náà ní tirẹ̀: "Bí mo bá hú ìlọ́po méjì, ta ló máa rà á kó tó bàjẹ́?"

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Bí ènìyàn bá fi mítà kan sáàárín igi ẹ̀gẹ́ kan sí òmíràn, héktà kan á gba igi 10,000, éékà kan á gba bíi 4,000. Lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa, éékà yẹn kì í ju tọ́ọ̀nù 3 tàbí 4 lọ. Tọ́ọ̀nù 4 sí 5 ẹ̀gẹ́ tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan gàrí. Ìyẹn ni pé oko tí ènìyàn fi ọdún kan gbáko ṣe, bóyá ló fi máa kún ogún àpò gàrí tó jẹ́ kílò 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibo ni ìyókù lọ? Èèpo kó tirẹ̀, omi kó èyí tó pọ̀ jù. Ẹ̀gẹ́ tútù, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ omi. Ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn Ìsẹ́yìn yẹn, omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó rù, owó epo sì ni wọ́n fi ń rù ú. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti tán, àwọn awakọ̀ kì í fi ojú ọ̀rẹ́ wo irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mọ́. Awakọ̀ kan sọ fún mi pé òun máa ń gba owó ẹ̀gẹ́ ju owó gàrí lọ, nítorí gàrí lè sùn sójú ọ̀nà, kó jí ire.

Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, ti dára báyìí, gbogbo ẹni tó ń gba ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n oko kì í sí létí ọ̀dà. Kìlómítà márùn-ún tàbí mẹ́fà tó wà láàárín oko àti ọ̀dà, ibẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ ti ń kú.

Igi dé, agbada kò tíì dé

Àwọn Pọtogí ló gbé ẹ̀gẹ́ kúrò ní Bràsíl wá sí etíkun Áfíríkà ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ó pẹ́ kí àwọn ènìyàn tó gbà á tọkàntọkàn, ẹ̀rù rẹ̀ sì tọ́ sí bíbà, nítorí ẹ̀gẹ́ kíkorò ní májèlé nínú. Bí wọn kò bá lọ̀ ọ́, kí wọ́n fún un, kí wọ́n jẹ́ kó kan, kí wọ́n sì gbé e kaná, ó lè pa ènìyàn.

Àwọn Àgùdà ló gbé ìmọ̀ yẹn wọlé: àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sí Èkó, Àgbádárìgì, Pọ́tónóvò àti Wídà. Ní Bràsíl, wọ́n ti ń yan ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní farinha. Ẹni tó bá dé ìpínlẹ̀ Bahia níbẹ̀ lónìí á bá a nínú abọ́ lórí tábìlì, bí a ṣe ń gbé iyọ̀ sórí tiwa. Ẹni tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú á fẹ́ da omi sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Igi náà ti wà nílẹ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́ tí kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ìgbà tí ajọ̀ àti agbada bá a ló di oúnjẹ tó lè rin ìrìn àjò, tó lè sùn sínú àpò fún oṣù púpọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé lọ sílé ìwé. N kò mọ ìdí tí a fi ń gbàgbé èyí nígbàkúùgbà tí ìjọba bá fẹ́ ṣe ohun ńlá lórí ẹ̀gẹ́.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ti ṣe tirẹ̀. Àjọ ìwádìí ọ̀gbìn IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1967, ni Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà Gúúsù, wá bá ṣiṣẹ́ lọ́dún 1971, ní àkókò tí àrùn ń jẹ ẹ̀gẹ́ run lóko. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TMS, tí àrùn kì í tètè ràn, tó sì ń ta dáadáa. Àwọn ará Ìkirè fi Hahn jẹ Ṣéríkí Àgbẹ̀. Oyè ẹ̀gẹ́ ni, kì í ṣe oyè owó, mo sì fẹ́ràn ìtàn náà ju ọ̀pọ̀ ìtàn oyè tí à ń gbọ́ lónìí.

"Ẹ gbìn ín, a ó rà á"

Lọ́dún 2002, ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò ńlá kalẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn tó ń lọ ìyẹ̀fun àlìkámà máa fi ti ẹ̀gẹ́ kún un, ìdá 10 nínú 100. Àwọn àgbẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n gbìn ín. Ìgbà tó gbó, àwọn tó yẹ kó rà á kò tíì ní ẹ̀rọ tó máa gbẹ ẹ. Ẹ̀gẹ́ kún oko, iye rẹ̀ já wálẹ̀ débi pé owó alágbàṣe tó máa hú u ju owó rẹ̀ lọ. Àwọn kan fi í sílẹ̀ sínú ilẹ̀ títí tó fi di igi.

Nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà fún ètò ọ̀gbìn láàárín 2011 sí 2015, búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ tún padà wá. Ààrẹ Goodluck Jonathan jẹ ẹ́ níwájú kámẹ́rà. Mo bi ìyá kan tó ń ṣe búrẹ́dì ní Ìbàdàn pé kí ló dé tí kò fi lò ó pẹ́. Ó ní, "Èyí tí wọ́n gbé wá lóṣù kìíní funfun bí ẹfun. Èyí tí wọ́n gbé wá lóṣù kejì ti kan. Búrẹ́dì kì í bá ènìyàn bo àṣírí."

Ó ti kan, nítorí ẹnìkan pẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ náà di ohun tí a lè fojú sọ́nà fún. Gàrí á wọ́n, gbogbo ayé á sáré lọ gbin ẹ̀gẹ́, lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀ á kún ọjà, iye rẹ̀ á fọ́, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á bínú kúrò, ọ̀wọ́n á tún padà. Gàrí gbówó lórí gógó lọ́dún 2024. Nígbà tó fi di 2025, àwọn àgbẹ̀ ló ń sunkún. Àgbẹ̀ àgbà kan ní òun kì í gbìn nígbà tó bá wọ́n. Ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń sá kúrò ni òun máa ń kọ ebè.

"Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ dáko"

Àbúrò mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí lóru ọjọ́ kan. Ó ti fi owó díẹ̀ pamọ́. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wá ilẹ̀ éékà ogún. Mo fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní éékà kan ń pa owó..." Ó dá iye kan. Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní fídíò ni òun wò.

N kò fi í ṣe ẹlẹ́yà, nítorí èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí. Lọ́dún 2019, mo san owó fún àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní àwọn á bá mi dáko. Èmi á jókòó sílé, àwọn á gbìn, àwọn á kórè, èrè náírà 25 lórí 100 láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Wọ́n ń fi fọ́tò ewé tútù ránṣẹ́ sí mi. N kò bi wọ́n rí pé ta ló máa ra ẹ̀gẹ́ náà, ibo ni wọ́n á ti lọ̀ ọ́, ìrìn wákàtí mélòó ni láti oko dé ibẹ̀. Lọ́dún 2020 fọ́tò dáwọ́ dúró, lẹ́yìn náà fóònù kò wọlé mọ́. Èmi nìkan kọ́. Irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nígbà náà, ọ̀pọ̀ wọn ló sì fọ́ láàárín ọdún kan sí ara wọn. Oṣù kìíní ọdún 2021 ni àjọ SEC tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò gbé òfin jáde lórí irú owó àpapọ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ aráàlú bẹ́ẹ̀. Owó tèmi ti lọ kí òfin tó dé.

Nítorí náà mo ní kí àbúrò mi fi ọ̀rọ̀ éékà ogún sílẹ̀ ná. Ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi fídíò rà. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé oko pẹ̀lú ìwé nìkan, tí kò tíì bá ìdílé onílẹ̀ jókòó, á mọ̀ pé ìwé kì í roko. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é dáadáa kì í ra ilẹ̀ rárá. Wọ́n ń háyà rẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì ń háyà katakata. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ màlúù wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ṣe òfin lọ́dún 2019 tó de dída ẹran ní gbangba, síbẹ̀ ẹni tí kò sí lóko lóru kò lè mọ ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé owó tó fẹ́ fi ra ilẹ̀ tó ẹ̀rọ ìlọ̀gàrí kan, jáàkì méjì, kànga dẹ̀rọ̀ kan àti òrùlé tó máa bò wọ́n. Ní abúlé tí ẹ̀gẹ́ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni tún gbìn ín fún un.

Ní ìdí agbada

Ibùdó gàrí tí ọkọ̀ tó rì yẹn ń lọ kò ju òrùlé páànù kan lórí òpó lọ. Obìnrin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan jókòó lórí àpótí, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Ọ̀bẹ ń lọ, ojú wọn kò sí lára rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń fi epo dísẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ti lọ̀ wà nínú àpò lábẹ́ jáàkì, omi funfun ń ro láti ara rẹ̀ sínú ilẹ̀. Ní igun kejì, àwọn àgbà ń kù ú lórí ajọ̀, àwọn tó ń yan gàrí wà nídìí iná, èéfín bò wọ́n.

Ìyá tó ni ibùdó náà sọ fún mi pé omi ni ìṣòro òun, kì í ṣe ẹ̀gẹ́. Bí kànga bá gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, iṣẹ́ á dúró, ẹ̀gẹ́ tó ti wọlé á sì bàjẹ́. Ìkejì ni igi ìdáná. Ìkẹta ni ojú. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu tirẹ̀. "Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń yan gàrí. Dókítà ní kí n kúrò nídìí èéfín. Mo ní ṣé á máa fún mi lówó oúnjẹ?" Ààrò tó ní ihò èéfín wà, ó sì rí i rí ní ibòmíràn. Ẹni tó máa yá a lówó rẹ̀ ni kò rí. Èlé báńkì kò ṣeé fẹnu kàn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn kò sì tíì ní tó bẹ́ẹ̀.

Èèpo ẹ̀gẹ́ ga bí òkìtì lẹ́yìn òrùlé náà, ó ń rùn. Bí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí wọ́n kó wọlé ló ń di èèpo. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ àjọ IITA àti ti ILRI, àjọ ìwádìí ẹran ọ̀sìn, ti fi hàn pé bí wọ́n bá lọ èèpo náà, tí wọ́n fún omi rẹ̀, tí wọ́n sì sá a, láàárín ọjọ́ kan á di oúnjẹ ẹran tó ṣeé kó sínú àpò. Ìyá náà ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ní báyìí, ewúrẹ́ abúlé ló ń jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Òwò mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe fídíò rẹ̀: igi ẹ̀gẹ́. Irú tó dára kò kárí, àgbẹ̀ sì ń gé igi láti ara oko àná, ó ń gbin àrùn pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó ti fi ilẹ̀ kékeré ṣe oko igi, tí wọ́n ń gba irú tó mọ́ láti ilé ìwádìí, ń ta á ní ìdì-ìdì. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bi í bóyá ó tún ń ta ẹ̀gẹ́. Ó ní ẹ̀gẹ́ ni èlé, igi ni owó.

Ilé-iṣẹ́ ńlá náà wà. Ní Adó-Àwáyè, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ Psaltry ti ń sọ ẹ̀gẹ́ di sítáàṣì, lọ́dún 2022 ó sì ṣí ẹ̀ka tó ń ṣe sorbitol, nǹkan dídùn tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ìfọyín ń lò. Àárín oko ni wọ́n kọ́ ọ sí, kì í ṣe Èkó. Ẹni tó bá ti ṣírò omi tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kò ní béèrè ìdí.

Ọkọ̀ tó rì yẹn dé ibùdó gàrí lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n kí ìrun àṣálẹ́ tán. Ìyá tó ni ibùdó tan iná fóònù rẹ̀, ó fa ẹ̀gẹ́ kan yọ, ó ṣẹ́ ẹ.

"Bàbá, ó ti ń yọ."

"Níbo?"

Ó fi èékánná tọ́ ọ. Ìlà kan ni, tín-ín-rín, bí ẹni fi báírò kàn án. Àgbẹ̀ náà fa òmíràn yọ láti àárín ẹrù, ó ṣẹ́ ẹ, ó nà án sí i. Èyí funfun. Ìyá náà wò ó, ó ju tọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì na ọwọ́ sínú ọkọ̀ mú ẹ̀kẹta.